Bí Ẹni Tó Fẹ́ Gba Ilé Bá Yí Ọkàn Padà

   Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa kí ó sún mọ́ iná.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a kọ́ bí a ti ń kọ iye owó sílẹ̀. Àwọn kan nínú yín bi wá pé kí ni àwọn fẹ́ fi í ṣe. Wọ́n ní àwọn ti ń ka owó láti kékeré kí àwọn tó mọ ìwé. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó lè fi owó kíkà tan ìyá ọlọ́jà jẹ. Ṣùgbọ́n kíkà ọ̀tọ̀, kíkọ sílẹ̀ ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn yín. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Àwọn tó ní ilé wà láàárín yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá méjì péré ni wọ́n fi ń háyà. Àwọn tó ń gba ilé sì pọ̀ ju àwọn onílé lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹgbẹ́ méjèèjì.

Ohun tí à ń wí nìyí. Ẹnì kan wá wo yàrá. Yàrá wù ú. Ẹ jọ dúnàádúrà, ẹ sì fẹnu kò. Ó san owó díẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá kó wọlé. Kí ọjọ́ tó pé, ó ní òun kò ṣe mọ́. Kí ni kí á ṣe? Owó tó san ńkọ́? Ta ló ni ín?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa níhìn-ín ní Ìbàdàn. Ìyá tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbà pé kí á sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí á má dárúkọ àwọn. Opó ni wọ́n. Ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n ń tà. Nígbà tí ọkọ wọn kú, ilé oníyàrá mẹ́jọ ló fi sílẹ̀ fún wọn. Yàrá kan àti pálọ̀ ṣófo nínú ilé náà. ₦240,000 ni owó rẹ̀ lọ́dún. Ọ̀kẹ́ méjìlá náírà nìyẹn lẹ́nu àwọn àgbà. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Àpò owó ẹyọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, ẹgbàawàá ẹyọ ló sì ń wà nínú rẹ̀.)

Ní ọjọ́ 4 oṣù, ejẹ́ǹtì kan mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá. Ọmọ náà níwà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó wo yàrá, ó wo kànga, ó wo ilé ìwẹ̀. Ó ní ó wu òun, ṣùgbọ́n kí ìyá bá òun kùn ún ní ọ̀dà, kí wọ́n sì pààrọ̀ nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé nítorí ẹ̀fọn. Ó tilẹ̀ yan àwọ̀ tó fẹ́ sí pálọ̀ fúnra rẹ̀, àwọ̀ ewé tó ki dáadáa. Ìyá ní kò burú. Ọmọ náà san ìdajì owó fún ejẹ́ǹtì. Ó ní òun yóò mú ìdajì kejì wá ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ náà gan-an ni òun yóò sì kó ẹrù wọlé.

Ta ló kọ ìwé? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ejẹ́ǹtì ní, "Ìyá, ọmọ dáadáa ni." Ìyá ní, "Mo rí i bẹ́ẹ̀." Ó parí.

Ìyá gba owó lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì, wọ́n kà á, ọ̀kẹ́ márùn-ún ni, ìyẹn ₦100,000. Wọ́n pe akunlé. Ọ̀dà àti nẹ́ẹ̀tì àti owó iṣẹ́ gba ₦42,000. Àbígbẹ̀yìn wọn ń lọ ṣe ìdánwò, wọ́n san ₦45,000 nílé ìwé. Wọ́n fi ₦13,000 tó kù kún owó ẹ̀lùbọ́. Owó tán. Láàárín oṣù náà, ènìyàn méjì wá béèrè yàrá yẹn. Ìyá ní ilé ti lọ. Àwọn yẹn bá tiwọn lọ.

Ní ọjọ́ 27, fóònù dún. Ọmọkùnrin náà ni. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Níbi iṣẹ́ mi, wọ́n ti gbé mi lọ sí Àkúrẹ́. Mi ò lè gba ilé náà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá owó mi."

Ẹ fi ara yín sí ipò ìyá yìí. Owó wo ni kí wọ́n wá? Èyí tó wà lára ògiri ni, àbí èyí tó wà nílé ìwé?

Ní ọjọ́ Sátidé, ọmọ náà dé. Ó béèrè ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ₦120,000. Ìyá ní ọ̀kẹ́ márùn-ún ni òun gbà. Ọmọ ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni òun san. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ sọ mí di olè ni?" Ó ní, "Ìyá, mi ò pè yín lólè. Iye tí mo san ni mò ń béèrè." Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ wọn tó ti kú búra. Ọmọ náà ní òun yóò lọ pe ọlọ́pàá. Ni ará ilé kan bá sáré wá pè wá.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a kò ní purọ́ fún yín. Ibi tí àwa náà ti kọ́kọ́ ṣì í nìyí. Ọ̀dọ̀ ìyá la kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́, nítorí ọmọ kíláàsì wa ni wọ́n. A sọ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó bá yí ọkàn padà ló jẹbi, owó rẹ̀ ti wọlé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwa tí a ti ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ la tún wá ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá káfíńtà kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì ló bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Ọ̀dà tí ìyá kùn yẹn, ṣé ọmọ náà gbé e lọ sí Àkúrẹ́ ni?"

A dákẹ́.

Ọ̀dà wà lára ògiri ìyá. Nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé ìyá. Ẹlòmíràn tó bá gba yàrá náà yóò bá a níbẹ̀, yóò sì san owó lé e. Báwo ni a ó ṣe ní kí ọmọ yìí san gbogbo rẹ̀? Bákan náà, owó ìdánwò àbígbẹ̀yìn kì í ṣe àdánù tí ọmọ yìí fà. Ìyá ló ná an.

Ṣùgbọ́n ìyá náà pàdánù. Yàrá náà dúró de ọmọ yìí fún oṣù kan. Ẹ mú bírò, kí á jọ ṣe é. ₦240,000 fún oṣù 12. Ẹ pín in sí 12. Ó jẹ́ ₦20,000, ọ̀kẹ́ kan fún oṣù kan. Èyí kò ṣeé yẹ̀. Ọmọ náà ló ní kí wọ́n dá yàrá dúró de òun. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ ewé inú pálọ̀ yẹn ńkọ́? Akunlé ní ₦10,000 ni ti pálọ̀ nìkan. Ìyá ní kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn yóò tún un kùn. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbà. Nítorí náà, ₦30,000 ni ti ìyá nínú owó náà. ₦90,000 ni ti ọmọ.

Ó wá ku ọ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń jà sí. Ọmọ ní òun san mẹ́fà, ìyá ní òun gba márùn-ún. Ta ló ń purọ́? Kò sẹ́ni tó ń purọ́. A ránṣẹ́ pe ejẹ́ǹtì. Nígbà tó dé, kò tilẹ̀ tijú. Ó ní, "Owó iṣẹ́ mi ni mo yọ níbẹ̀." Kò sọ fún ìyá pé òun yọ ọ́. Kò sọ fún ọmọ pé inú owó ilé ni òun ti yọ ọ́. Ènìyàn méjì tó ń sọ òótọ́ sì fẹ́ lu ara wọn nítorí ₦20,000 tó wà nínú àpò ẹnì kẹta. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé kékeré kan wà, bí ìwé náà kò tilẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìjà yẹn kì bá tí wáyé rárá.

A sọ fún ejẹ́ǹtì pé iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí, nítorí kò sí ẹni tó wọ inú yàrá. Bó bá mú ẹlòmíràn wá tí onítọ̀hún sì wọlé, nígbà náà ni kí ó gba owó rẹ̀. Ó kùn, ó kùn, ó mú ₦10,000 jáde. Ó ní òun yóò mú ìyókù wá. Títí di òní, kò tíì mú un wá. Ìyá mú ₦30,000 jáde nínú owó ẹ̀lùbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n lé padà tún kọjá lọ́jà, wọ́n rí i, wọ́n pè é, ó gba yàrá náà. Ìyá fi ₦40,000 tó kù ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́. (Ẹni tuntun náà ní àwọ̀ ewé yẹn dára, kí wọ́n má tún un kùn. A kò mọ ohun tí a lè sọ sí ìyẹn. Ìyá ní àwọn yóò dá ₦10,000 náà padà fún ọmọ Àkúrẹ́, wọ́n sì dá a padà.)

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tó yẹ kí á ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe ka gbogbo ẹni tó bá yí ọkàn padà sí ènìyàn burúkú. Àwọn kan wà tí ọ̀ràn bá lójijì: wọ́n gbé wọn kúrò níbi iṣẹ́, àìsàn dé, ẹni tó fẹ́ yá wọn lówó kú. Àwọn kan wà tí wọ́n rí ilé tí owó rẹ̀ kéré ju tiyín lọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bó tilẹ̀ ń dunni. Ṣùgbọ́n àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé onílé ló lé wọn. Wọ́n wo yàrá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n san owó. Òjò kan rọ̀, wọ́n kọjá níbẹ̀, wọ́n rí omi tó dé orókùn lẹ́nu ọ̀nà. Tàbí ará ilé kan sọ fún wọn pé gbèsè owó iná ń bẹ lọ́rùn yàrá náà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, onílé kò gbọdọ̀ mú kọ́bọ̀ kan nínú owó ẹni ẹlẹ́ni. Òun ló fi nǹkan pamọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní òun kò ṣe mọ́, ohun àkọ́kọ́ ni kí á fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé, "Kí ló dé?" Ẹ fetí sí èsì rẹ̀ kí ẹ tó bínú. Ó lè sọ ohun tí yóò lé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ náà fún yín.

Èkejì, owó kì í jẹ́ orúkọ kan náà. Owó ilé wà. Owó ejẹ́ǹtì wà. Owó àgírímẹ́ǹtì wà. Àwọn onílé mìíràn ń gba owó kọ́ṣọ̀n, tí wọn yóò dá padà nígbà tí ayálégbé bá ń lọ. Owó kan sì tún wà tí a fi ń di ilé mú, kí onílé má bàa fún ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá kó owó lé yín lọ́wọ́, ẹ bi í, "Èwo ni èyí nínú wọn?" Kí ẹ sì kọ ọ́. Bó bá fi fóònù san án, ẹ sọ fún un kí ó kọ ohun tí owó náà wà fún sínú rẹ̀. Báńkì yóò fi hàn pé owó wọlé, ṣùgbọ́n báńkì kò mọ àdéhùn tí ẹ ṣe lábẹ́ igi.

Ẹ dá ọjọ́. Èyí ni àwọn onílé ń gbàgbé jù. "Mò ń bọ̀ láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ nìyẹn. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìgbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ kí ó lè wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wá ẹlòmíràn.

Ẹ má ṣe lé àwọn tó kù. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ sọ fún ènìyàn méjì pé ilé ti lọ, nígbà tí ilé kò tíì lọ. Ohun tó yẹ kí wọ́n wí ni pé, "Ẹnì kan ti san díẹ̀ lórí rẹ̀. Bí kò bá wọlé ní ọjọ́ báyìí, a ó pè yín." Kí wọ́n sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀. Ìwé tí àwọn ọmọ ń lò nílé ìwé tó fún èyí. Ẹ fà á ní ìlà mẹ́ta: orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ tó wá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìwé kìíní ti lè ṣe èyí. Ṣùgbọ́n ẹ má gba owó lọ́wọ́ ẹnì kejì nígbà tí owó ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín o. A mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Wọ́n á gba owó lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta lórí yàrá kan ṣoṣo, ẹni tó bá kọ́kọ́ san án pé ni yóò wọlé. Jìbìtì nìyẹn.

Owó tó wọlé kí ayálégbé tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà níbì kan. A mọ̀ pé èyí le. Ẹni tí ebi ń pa kì í fẹ́ gbọ́ pé kí òun má jẹ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Bí ẹ bá fẹ́ kùn ilé, ẹ ná ìwọ̀nba tí ẹ lè rí dá padà láti ibòmíràn. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ń bọ̀ ló fẹ́ àwọ̀ tirẹ̀ tàbí ilẹ̀kùn tirẹ̀, ẹ sọ fún un pé owó èyí kò ní padà bí kò bá wọlé mọ́. Bó bá gbà, ẹ kọ ọ́ síwájú rẹ̀.

Bó bá ti gba kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kó tíì kó àga kan wọlé, ayálégbé ni. Ẹ má fọ́ àgádágodo rẹ̀, ẹ má fi yàrá náà fún ẹlòmíràn. Bí a ti í fún ayálégbé ní ìwé kí ó jáde, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ní ti ọlọ́pàá tí ọmọ yẹn fẹ́ pè, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ìyá kò jí owó ọmọ náà. Àdéhùn ló bàjẹ́ láàárín wọn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, iwájú àgbà ni, tàbí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n onílé tó gba owó ènìyàn mẹ́ta lórí yàrá kan, kí òun má fi òfin yìí fọ́nnu. Ọ̀ràn jìbìtì wà lára iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní Èkó, ẹ bá wọn sọ èyí. Òfin ilé gbígbà tí ìjọba Èkó ṣe ní ọdún 2011 ní dandan ni kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì nígbà tó bá san owó ilé. Rìsíìtì náà gbọ́dọ̀ fi orúkọ àwọn méjèèjì hàn, àti ọjọ́, iye owó, ibi tí ilé wà, àti àkókò tí owó náà wà fún. Òfin kan náà ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. (Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ẹ̀yin náà lè mọ ìdí rẹ̀.) Ibùdó ìlàjà kan tún wà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, níbi tí wọ́n ti ń parí irú ìjà báyìí láìgba owó. Láti 2018 sì ni ilé ẹjọ́ kékeré kan ti wà ní Èkó fún gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ìbàdàn ni àwa wà, òfin Èkó kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ará Ìbàdàn má kọ rìsíìtì.

Ó ku ohun kan kí á tó mú bírò. Bí ẹ bá dá owó padà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Kí ó kọ ọ́ pé òun ti gba owó òun, yàrá náà kì í ṣe ti òun mọ́. Bí kò bá sí nítòsí, kí ó fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó yí ọkàn padà lẹ́ẹ̀kan tún lè yí i padà lẹ́ẹ̀kejì. Ó lè dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù nínú ọkọ̀, nígbà tí ẹlòmíràn ti ta ibùsùn rẹ̀ sínú yàrá.

Ìwé tí ẹ ó kọ nìyí. A ti kọ ọ́ sójú pátákó pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Ẹ rọra kà á tẹ̀lé wa.

ÌWÉ OWÓ ÀSANSÍLẸ̀ LÓRÍ YÀRÁ

Ọjọ́: ..............

Èmi .............. tí mo ni ilé tó wà ní .............. gba ₦120,000 (ọ̀kẹ́ mẹ́fà náírà) lọ́wọ́ .............. fún yàrá kan àti pálọ̀.

Owó ilé fún ọdún kan jẹ́ ₦240,000 (ọ̀kẹ́ méjìlá náírà). Ó ku ₦120,000 (ọ̀kẹ́ mẹ́fà náírà).

Yóò san ìyókù, yóò sì gba kọ́kọ́rọ́, ní ọjọ́ ...............

Owó ejẹ́ǹtì kò sí nínú owó yìí.

Bí ẹni tó fẹ́ gba ilé bá yí ọkàn padà kí ọjọ́ náà tó pé, onílé yóò mú ₦20,000 (ọ̀kẹ́ kan náírà), yóò dá ìyókù padà láàárín ọjọ́ 14.

Bí onílé bá yí ọkàn padà, tàbí bí yàrá kò bá rí bí ó ti sọ ọ́, yóò dá gbogbo owó padà láìyọ nǹkan kan.

Onílé: ..............
Ẹni tó fẹ́ gba ilé: ..............
Ẹlẹ́rìí: ..............

Méjì ni kí ẹ kọ, bákan náà. Kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ onílé, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tó san owó. Ẹ rí i pé a kọ iye owó pẹ̀lú nọ́ńbà, a sì tún kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ó rọrùn láti fi òdo kan kún ẹ̀yìn nọ́ńbà. Kò rọrùn láti sọ ọ̀kẹ́ kan di ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lórí ìwé. Ẹni tí kò bá tíì lè kọ orúkọ rẹ̀ lè tẹ ìka, ṣùgbọ́n kí ẹni tó kà á fún un náà fọwọ́ sí i.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Bí mo bá ní kí ènìyàn fọwọ́ sí irú èyí, yóò rò pé mi ò gba òun gbọ́." Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ gba ọmọ náà gbọ́. Ọmọ náà gba ìyá gbọ́. Àwọn méjèèjì sì yẹ ní gbígbàgbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù kọ irú ìwé yìí wá fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní ilé, kí ó kọ ọ́ bí ẹni pé òun ló fẹ́ gba yàrá. Ẹ fi iye owó tó wù yín sí i, ṣùgbọ́n kí ìṣirò rẹ̀ pé. A ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti mú tiwọn wá ní tiwọn. Ayálégbé tó wà nínú yàrá náà báyìí ló fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọwọ́ wọn gbọ̀n díẹ̀ níbi lẹ́tà kejì, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ni, a sì kà á.